Àkàbà Ọ̀gá Ààbò

Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ ná, nítorí ìtàn yìí lè mú kí ẹ̀pà gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá máa bá mi wí. Ìtàn Adéyínká Àlàó ni. Òun ni olórí ọ́fíìsì tó ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ìkọ́lé ní ẹ̀kọ́ ààbò ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò, tó sì ń fún wọn ní satífíkéètì tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ lórí ilé kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní Àlàó o. Bí ẹ bá pè é ní Àlàó, kò ní dáhùn. Bí ẹ bá pè é ní "Ọ̀gá" lásán, á wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé ẹlòmíràn lẹ ń bá wí. Àfi kí ẹ pè é ní "Baba Ààbò Gbogbogbòò, Àpáta Tí Bíríkì Ń Bẹ̀rù." Ta ló fún un lórúkọ yìí? Òun fúnra rẹ̀ ni, nínú bálùwẹ̀, lọ́jọ́ kan tó ń fọ eyín.

Ohun gbogbo ló gún régé fún ọkùnrin yìí, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkokomáíkò, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe: ADELÉ Ọ̀GÁ. Nígbà tí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fẹ̀yìn tì, oríléeṣẹ́ wọn ní Ìkẹjà ní kí Àlàó máa bá wọn jókòó sórí àga náà títí wọn yóò fi rí ẹni tó yẹ. Wọn ò tíì rí i. Bóyá wọn ò tilẹ̀ tíì wá a. Àlàó lẹ kàlẹ́ńdà bo ọ̀rọ̀ "adelé" yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́, kàlẹ́ńdà á ṣí, adelé á yọjú. Nílé, Lará ìyàwó rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Bí àlejò bá béèrè iṣẹ́ tí baálé ń ṣe, á ní, "Ó ń bá wọn mójú tó ọ́fíìsì kan ni." Ó ń bá wọn! Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun Àlàó dé egungun. Kí wọ́n ṣáà bá òun yọ adelé yẹn kúrò, ohun tó ń fi gbogbo àdúrà rẹ̀ béèrè nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, torí pé mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni. Ẹ wo Rájí bíríkìlà. Lọ́dún tó kọjá, pákó tó dúró lé lórí yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó já bọ́, apá rẹ̀ òsì kán. Wọ́n tò ó, ṣùgbọ́n títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kò lè gbé e kọjá èjìká. Òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Iwájú ló jókòó ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ́sítéètì Ìbà, ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń so pákó tí kò fi ní yọ̀ mọ́.

Àlàó wọlé, ó dúró, ó na àyà.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́!" ó bú bí kìnnìún. "Kí ni ààbò?"

Rájí nawọ́ èyí tó ṣeé nà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ààbò ni kéèyàn so pákó rẹ̀..."

"Ó tì! Jókòó! Èmi ni ààbò!"

Joshua, igbákejì rẹ̀, fọn fèrè. Gbogbo kíláàsì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ké ohun tí wọ́n ti kọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé: "Kò séwu! Kò séwu! Níbi tí Baba Ààbò bá wà, kò séwu!"

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ kejì? Òun náà ni. Bí ohùn Ọ̀gá bá ti ròkè, wọ́n gbọ́dọ̀ dìde, wọ́n gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ké kò séwu. Wọ́n kọ́ ọ títí ó fi wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Nígbà tí agbèrò kan pariwo "Badagry! Badagry!" ní Ìyànà Ìbà, Rájí ti pàtẹ́wọ́ kó tó mọ ohun tó ń ṣe, agbèrò náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan wà nínú wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í gbélẹ̀, Wúràọlá Ìbíyẹmí, súpáfáísọ̀ ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nítòsí ẹ́sítéètì náà. Ó dìde lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ìgbà wo lẹ máa kọ́ wa bá a ṣe ń gbé ẹni tó bá há sókè sọ̀ kalẹ̀?"

Àlàó rẹ́rìn-ín àánú. "Ìyáàfin, níbi tí mo bá wà, ta ló tó há?"

Ó ti gbé ohùn sókè díẹ̀ níbi "ta ló tó há" yẹn, ni gbogbo wọn bá dìde. Kò séwu, kò séwu. Ìbéèrè Wúràọlá rì sínú àtẹ́wọ́.

Yàtọ̀ sí èyí, Àlàó ṣe òfin. Ẹni tí kò bá tíì gba satífíkéètì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àkàbà. Àkàbà tí kò bá sì ní páálí tí Ọ̀gá fọwọ́ sí, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì, kí ẹni tó ni ín wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbà á. "Bó jẹ́ ti bàbá tó bí mi lọ́mọ," ni Àlàó wí, "ẹ gbà á!"

Hẹn-ẹn. Bí ẹ bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ẹ ń sọ ọ́ fún. Ọmọlúàbí ni Joshua, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí kì í parọ́, tí kì í jalè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó pọn omi kún garawa, tí garawa náà jò, inú odò ló máa sùn. Ó gba àkàbà oníṣẹ́ iná kan ní Òkokomáíkò nígbà tí ọkùnrin náà ṣì wà lórí òrùlé. Ó gba èyí tí adìyẹ ń sùn lé, adìyẹ tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì. Ó di pé ẹni tó bá fẹ́ rí Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fo àkàbà bí ẹni ń fo gọ́tà.

Wàyí o, ìròyìn ayọ̀ dé láti Ìkẹjà. Ìyáàfin Ọláfúnkẹ́ Ọládélé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà oríléeṣẹ́, ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe máa pín satífíkéètì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa pinnu ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Àlàó kà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́. Adelé ti ń lọ nìyẹn!

"Mi ò ní jókòó sábẹ́ kánópì bí ìyàwó tuntun," ó sọ fún Joshua. "Orí dẹ́kìn, ilẹ̀ òkè ilé tí Wúràọlá ń mójú tó, ni màá dúró sí. Kí Ìyáàfin náà tó sọ̀ nínú ọkọ̀, kó ti máa wo mí lókè."

Ó gbé akoto rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò, ó ní kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà. Wọ́n ní kó jẹ́ kó gbẹ. Ó ní wúrà kì í pẹ́ gbẹ. Ó gbé e dórí.

Nígbà tó débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Wúràọlá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó o, a ò tíì ṣe àtẹ̀gùn ilé yìí, a ò sì tíì rí nǹkan kan fi ṣe ọgbà sí etí dẹ́kìn. Àkàbà nìkan ló wà. Ṣé kò ní dáa kẹ́ ẹ dúró sílẹ̀ bá wa?"

"Ìyáàfin, mo ti ń gòkè kí wọ́n tó bí ẹ."

Irọ́ gbuu! Ibi gíga jù lọ tí Àlàó gùn rí ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nílé, Lará ló ń pààrọ̀ gílóòbù, nítorí pé bí ọkọ rẹ̀ bá dúró lórí àga, òyì á kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí adelé ń dùn kì í rántí òyì. Ó kó ìdì satífíkéètì sábíyá, ó di ojú, ó ń gòkè, Joshua ń ti ìdí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, Àlàó ń ké "Rọra! Rọra!", àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì sì ń dáhùn pé kò séwu.

Ó dé òkè. Kò wẹ̀yìn. Ó ní kí òun fi ọ̀rọ̀ ìkíni dánra wò kí Ìyáàfin tó dé, ó bá bẹ̀rẹ̀: "Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé bíríkì lé bíríkì, kò tíì sí ẹni tí ìkọ́lé fi ojú rí bí èmi..." Mo lè sọ gbogbo ẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kí lẹ fi ṣẹ̀ mí?

Níbi tó ti ń sọ ọ́, Joshua ń wo àkàbà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì àkàbà náà, kò rí páálí. Ó wo ọ̀tún, kò rí páálí. Ọ̀gá gbàgbé láti fọwọ́ sí i! Ìyáàfin láti Ìkẹjà fẹ́ dé, kó wá bá àkàbà tí kò ní páálí lábẹ́ Ọ̀gá Ààbò? Ojú á ti Ọ̀gá! Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, ẹ̀yin èèyàn mi, ìfẹ́ ni. Ó rọra yọ àkàbà náà, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ ọ́fíìsì, ó sì wà á lọ sí Òkokomáíkò.

Àlàó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó na ẹsẹ̀ wá àkàbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan atẹ́gùn. Ó tún nà án, ó tún kan atẹ́gùn. Ó wẹ̀yìn.

"Yéè!"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí dẹ́kìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ilẹ̀ náà mú, ayé ń yí i po. "Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!"

Ohùn Ọ̀gá ti ròkè. Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Kò séwu! Kò séwu! Níbi tí Baba Ààbò bá wà, kò séwu!"

"Ewu wà! Mo ní ewu wà! Mi ò lè sọ̀!"

"Kò séwu! Kò séwu!"

Ṣé ó yé wọn ni, àbí kò yé wọn? Ẹ má bi mí o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi ń dà lójú Rájí, ó sì ń pàtẹ́wọ́ lọ ní tirẹ̀. Àlàó wá gbọ́n, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ dákun, ẹ gbé àkàbà wá." Ta ni yóò gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti orí dẹ́kìn? Bó bá pariwo, àtẹ́wọ́. Bó bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó yọ fóònù, ó pe Joshua.

"Joshua! Gbé àkàbà padà wá kíákíá!"

Àtẹ́wọ́ sọ nísàlẹ̀.

"Ẹ kú oríire sà!" ni Joshua dáhùn. "Mò ń gbọ́ àtẹ́wọ́ níbẹ̀, ètò ti ń lọ dáadáa. Ní ti àkàbà, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá ni ín gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì."

"Èmi ni mo ni ọ́fíìsì!"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mò ń retí yín sà."

Wúràọlá ló ṣàánú rẹ̀, ó sún mọ́ abẹ́ dẹ́kìn. "Ọ̀gá, àkàbà àwọn káfíńtà wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti lẹ páálí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ni kó gbé e? Kò sẹ́ni tó tíì gba satífíkéètì nínú wa. Abíyá yín ló wà."

"Mo fún yín! Gbogbo yín! Ẹ gbà!" Ó ju ìdì náà sísàlẹ̀. Okùn rẹ̀ tú lójú òfurufú, atẹ́gùn gbá a, satífíkéètì fọ́n káàkiri bí ìyẹ́ adìyẹ. Ẹ wo àsìkò tí Kamaldeen, tó ń ta àgbò ní Alábà Rago, ń da àgbò oníbàárà kan kọjá lọ sínú ẹ́sítéètì. Ebi ń pa àwọn àgbò náà. Kamaldeen ń fa okùn, àgbò ń jẹ ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé kí làwọn ẹran mi ń jẹ yìí?" ó bi Rájí.

"Satífíkéètì ààbò ni. Má fojú kéré wọn mọ́ o. Èyí tó níwo ńlá yẹn ti di súpáfáísọ̀."

Ilẹ̀ ìkọ́lé náà dà rú fún ẹ̀rín. Àwọn kan di ikùn mú, àwọn kan jókòó sínú iyanrìn. Àárín rúkèrúdò yìí ni Ìyáàfin Ọládélé sọ̀ nínú ọkọ̀, akoto tó ti ṣá lórí rẹ̀. Ó wo àgbò, ó wo àwọn òṣìṣẹ́, ó wo òkè.

"Ta ló dọ̀bálẹ̀ sókè yẹn, tórí rẹ̀ ń dán?"

"Ọ̀gá ààbò ni, mà," ni Wúràọlá wí. "Wọ́n há ni."

"Àlejò yín ń bọ̀, ọ̀gá yín há, ẹ wá ń pàtẹ́wọ́?"

Rájí nu ojú rẹ̀. "Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn, mà."

"Wọn ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń so pákó?"

Rájí gbé apá òsì rẹ̀ sókè. Ó dé èjìká, ó dúró. "Mo béèrè, mà. Torí èyí ni mo ṣe wá. Wọ́n ní kí n jókòó."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ó dun gbogbo wọn, ó sì tì wọ́n lójú díẹ̀ pé àwọn pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àlàó tó wà lókè gbọ́ ọ, ó sì dun òun náà, ẹ má jẹ́ kí n fi dù ú. Ṣùgbọ́n adelé ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó gbé orí wúrà sókè láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ìyáàfin wa ọ̀wọ́n! Ẹ káàbọ̀! Ẹ̀kọ́ ni èyí tí ẹ ń wò! Mò ń fi hàn wọ́n bí ẹni tó bá há ṣe máa ń rí!"

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa," ni Ìyáàfin wí. "Ẹ ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ hàn mí."

Àlàó tún gbé orí wúrà lélẹ̀.

"Satífíkéètì tiyín ńkọ́, ọ̀gá? Ẹ fi han èmi."

Àlàó wo abíyá òsì, ó wo abíyá ọ̀tún. Ọkùnrin tó fọwọ́ sí ti gbogbo ayé kò fọwọ́ sí tirẹ̀ rí, kò sì jókòó sí kíláàsì ẹnikẹ́ni rí. "Mi ò... mi ò ní, mà," ó wí.

Ìyáàfin Ọládélé mí kanlẹ̀. "Ẹ lọ gbé àkàbà wá. Òfin tó bá so èèyàn rọ̀ sókè kì í ṣe òfin ààbò."

Wọ́n gbé e wá, Wúràọlá gbé e ti ara dẹ́kìn. Rájí dúró sídìí rẹ̀, ó dì í mú pẹ̀lú apá tó dáa àti apá tí kò dáa.

"Ọ̀gá, ẹ kọjú sí àkàbà, kẹ́ ẹ máa fẹ̀yìn sọ̀," ni Wúràọlá ké sí i.

"Kí n kọ ìdí sí Ìyáàfin láti Ìkẹjà? Láéláé!" Ó kọjú síta pẹ̀lú ọlá, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, àkàbà jì, ọlá fò lọ. Ó yí padà wéré. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ìdí rẹ̀ kọjú sí Ìkẹjà, ó ń sọ̀.

Láàárín méjì ó dúró. Kò lè lọ sókè, kò lè wá sílẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Rájí, ṣó o dì í mú?"

Kò pe orúkọ Rájí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì.

"Mo dì í mú, sà. Ẹ máa bọ̀."

Ó dé ilẹ̀. Ó gbọn aṣọ, ó fẹ́ ṣí akoto láti kí Ìyáàfin, akoto kọ̀, ọ̀dà ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ irun. Ó fà á, irun tẹ̀ lé e, ó fi í sílẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ ò rí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà, ó ní, "Mà, ní ti adelé yẹn..."

"Mo mọ̀," ni Ìyáàfin wí. "Ẹ fẹ́ ká yọ adelé kúrò níwájú ọ̀gá. A máa yọ ọ́ lónìí. A sì máa bá yín yọ ọ̀gá náà."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ilẹ̀kùn Òkokomáíkò di funfun báláú, kò sí kàlẹ́ńdà lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bí Àlàó bá ṣì fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́, kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà bí gbogbo èèyàn. Wọ́n rán olùkọ́ mìíràn wá sí Ìbà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó gbé pákó àti okùn dání. Àlàó wọlé pẹ̀lú akoto òfeefèé, orí rẹ̀ pá sí wẹ́wẹ́ níbi tí wúrà ti fa irun jáde. Ó wá àyè, kò rí, àfi ẹ̀gbẹ́ Rájí. Rájí sún fún un.

"Kí ni ààbò?" ni olùkọ́ béèrè.

Àlàó wo apá Rájí, ó nawọ́ sókè.

"Ààbò ni kí ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó máa bá ọ di àkàbà mú!"

Ó ti sọ ọ́ tìtaratìtara jù, ohùn rẹ̀ ti ròkè. Bẹ́ǹṣì dún gìrìgìrì, gbogbo kíláàsì ti dìde, ọwọ́ ti wà lófurufú.

"Ẹ jọ̀wọ́," ni Àlàó wí, "ẹ má pàtẹ́wọ́."